Ojú ìwé ìbéèrè: Nọ́ńbà wo ló ń tú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀?

Ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí lórí bí a ṣe lè fi dátà dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kù nínú ìlú pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. A mú àwọn tí ìdáhùn wọn máa wúlò fún ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ka ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa sọ pé ọkọ̀ 900 gba lénì kan kọjá láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. 900 kan náà ló tún kà láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá. Bẹ́ẹ̀, ní aago mẹ́jọ, ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín; nígbà tó fi máa di mọ́kànlá, ọ̀nà ti dá. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni? (Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ojú ọ̀nà)

Kò bàjẹ́. Iye ọkọ̀ tó kọjá nìkan kò lè sọ fún yín bóyá ọ̀nà dá tàbí ó dí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣìnà. Iye tó ń kọjá ní wákàtí kan dúró lórí nǹkan méjì: iye ọkọ̀ tó wà lórí kìlómítà kan, àti eré tí wọ́n ń sá. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di ìlọ́po. Ní aago mọ́kànlá, ọkọ̀ 10 ló wà lórí kìlómítà kan, wọ́n ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí: 900 nìyẹn. Ní aago mẹ́jọ, ọkọ̀ 90 ló fún mọ́ra lórí kìlómítà kan náà, wọ́n ń rìn ní 10 kìlómítà ní wákàtí: 900 náà ni.

Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀. Wáyà tí wọ́n rì sábẹ́ ọ̀dà kì í ka ọkọ̀ nìkan, ó tún mọ bí ọkọ̀ ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ gùn ní mítà 5, tí wáyà gùn ní mítà 2: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rin mítà 7 kó tó kúrò lórí wáyà pátápátá. Ní eré 90, ìyẹn mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.28 lọ. Ọkọ̀ 900 á wà lórí wáyà fún 252 nínú ìṣẹ́jú-àáyá 3,600 tó wà nínú wákàtí, ìyẹn ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní eré 10, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, ìdá náà á sì fò sókè dé 63. Ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà máa gbé ìdá yìí jáde pẹ̀lú iye ọkọ̀, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, bó bá ti ń súnmọ́ 20, ọ̀nà ti kún dé ọrùn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un, nítorí ó ṣe pàtàkì gan-an: iye tó kọjá kì í ṣe iye tó fẹ́ kọjá. Bí ibì kan lójú ọ̀nà kò bá lè gbà ju 900 lọ, 900 ni ẹ ó máa kà níbẹ̀ títí, ì báà jẹ́ 1,000 ló ń bọ̀, ì báà jẹ́ 2,000. Ẹ gbé ibi tí ẹ ti ń kà lọ sẹ́yìn ìrù ọ̀wọ́ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ṣì ti ń dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ iye tó ń bọ̀ lóòótọ́.

Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa ta dátà ìrìn ọkọ̀ tó ń ti ara fóònù wá fún ìlú wa. Ṣé a lè tìtorí ẹ̀ pa kámẹ́rà àti wáyà tì? (Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà)

Ẹ má pa wọ́n tì. Dátà fóònù mọ eré àti àsìkò ìrìn dáadáa, kò sì sí ohun tó tó o fún rírí gbogbo ọ̀nà ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò lè sọ iye ọkọ̀ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni fóònù inú rẹ̀ ń ránṣẹ́, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sì lè gbé fóònù 40. Ẹni tí kò bá mọ iye ọkọ̀ kò lè ṣètò iná oríta.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ alùpùpù kúrò. Alùpùpù máa ń gba àárín ọkọ̀ kọjá nígbà tí gbogbo ọkọ̀ dúró sójú kan, fóònù ẹni tó gùn ún á sì máa sọ pé ọ̀nà dá. Ẹ bi wọ́n nípa ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú. GPS inú fóònù lè fi mítà 5 sí 10 ṣìnà, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ilé gíga, nítorí náà ọkọ̀ tó wà lórí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lè di èyí tí wọ́n kọ sórí márosẹ̀. Kí wọ́n máa kọ iye fóònù tí wọ́n rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà òru tó dúró lórí fóònù méjì péré kò ṣeé fi pinnu nǹkan. Ní ọdún 2020, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Simon Weckert kó fóònù 99 sínú ọmọlanke, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láwọn òpópónà Berlin tí ọkọ̀ kò pọ̀, Google Maps sì kun ọ̀nà náà ní pupa bí ẹni pé ó dí.

Bí eré bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ṣe ń wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ọkọ̀ kan sá 60 lórí kìlómítà kan, èkejì sá 20. Ẹni tó bá ro méjèèjì pọ̀, tó sì pín in sí méjì, á rí 40, kò sì tọ̀nà. Ọkọ̀ kìíní lo ìṣẹ́jú 1, èkejì lo 3: kìlómítà 2 ní ìṣẹ́jú 4 jẹ́ 30 ní wákàtí. Àsìkò ni kí ẹ máa wá ìpíndọ́gba rẹ̀, kì í ṣe eré.

Ìpíndọ́gba nìkan kò sì tó láti fi jábọ̀. Ẹ to àsìkò ìrìn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gangan, kí ẹ sì mú èyí tí ìrìn 95 nínú 100 kò kọjá rẹ̀. Ká ní ti àárín jẹ́ ìṣẹ́jú 20, tí èkejì jẹ́ 45. Ẹni tí kò gbọdọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní láti ya ìṣẹ́jú 45 sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 25 tó wà láàárín wọn ló ń ni ará ìlú lára jù, ìpíndọ́gba sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣé wọn ò ní máa fi dátà yìí ṣọ́ ibi tí mò ń lọ? (Awakọ̀)

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí a kò bá ká wọn lọ́wọ́ kò, ẹ sì jàre láti béèrè. Yíyọ orúkọ kúrò kò tó. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọkọ̀ kan ń sùn lálẹ́ àti ibi tó ń dúró sí lọ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn kọ̀ọ̀kan dànù, kí wọ́n máa pààrọ̀ àmì ìdánimọ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì pa dátà tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mọ àsìkò ìrìn láàárín ibi méjì gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà náà di àmì tí kò ṣeé tú nínú kámẹ́rà níbẹ̀, kí àwòrán má jáde rárá. Iye ọkọ̀ àti àsìkò ni iṣẹ́ yìí nílò. Kò nílò láti mọ̀ yín.

Ìlú wa kéré, a ò ní ẹ̀rọ kankan. Iná oríta wa ń fún ọ̀nà méjèèjì ní ìṣẹ́jú-àáyá 60, lọ́sàn-án lóru. Báwo la ṣe lè mọ iye tó yẹ? (Ẹnjiníà ìlú)

Ìwé, bírò àti ènìyàn mẹ́rin tó iṣẹ́ náà ṣe. Kí wọ́n kà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ìrìn ọjọ́ Ajé àti Ẹtì sábà máa ń yàtọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí apá kan oríta, kó máa kọ èyí tó lọ tààrà, èyí tó yà sọ́tùn-ún àti èyí tó yà sósì, ní ìṣẹ́jú 15 15. Ẹ ka ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sí ọkọ̀ kékeré 2 tàbí 3, kí ẹ ka alùpùpù sí ìdajì ọkọ̀ tàbí kó kéré sí i. Kí wọ́n sì kọ iye ọkọ̀ tó ṣẹ́kù sẹ́yìn ìlà nígbàkúùgbà tí iná bá di pupa. Bí ẹ bá fo ìyẹn, àṣìṣe inú ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ ó tún ṣe.

Ẹ má kàn ro wákàtí náà pọ̀. Ká ní ìdá mẹ́rin wákàtí fún yín ní 200, 260, 300 àti 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000, ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú 15 kẹta, ọkọ̀ ń dé bí ìgbà tí 1,200 bá ń bọ̀ ní wákàtí. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣètò iná, torí nígbà yẹn ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ iye tí lénì kan lè tú jáde. Nígbà tí iná ewé bá tàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò bí ọkọ̀ kẹrin bá ti kọjá ìlà, ẹ dá a dúró ní ọkọ̀ kẹwàá, ẹ pín in sí 6. Ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 fún ọkọ̀ kan, ìyẹn ọkọ̀ 1,800 ní wákàtí bí iná ewé kò bá kú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó kéré tán. Òkè, kòtò àti ọkọ̀ tó dúró sí etí ọ̀nà lè yí i padà.

Ìṣirò tó kàn, tó ń sọ bó ṣe yẹ kí ìyípo iná gùn tó, wá láti ọwọ́ F. V. Webster, onímọ̀ nípa ìrìn ọkọ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ká ní lénì tó kún jù láti àríwá sí gúúsù ní ọkọ̀ 720, ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní 540. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 1,800: 0.40 àti 0.30, àpapọ̀ 0.70. Ìgbàkígbà tí iná bá yí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 máa ń ṣègbé lórí iná yẹ́lò àti kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí náà 10 ló ń ṣègbé nínú ìyípo kan, ìyẹn láti ìgbà tí iná ewé bá tàn fún ọ̀nà kan títí tó fi tún tàn fún un. Ẹ fi 1.5 sọ 10 di ìlọ́po, ẹ fi 5 kún un: 20. Ẹ yọ 0.70 kúrò nínú 1: 0.30. Ẹ pín 20 sí 0.30, ẹ ó rí 67, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá tó yẹ kí ìyípo kan gbà, ẹ gbé e dé 70. Yọ 10 tó ṣègbé, ó ku 60. Ẹ pín in ní ìwọ̀n 4 sí 3, ọ̀nà kìíní á gba 34, èkejì 26. Ìyípo yín, tó ń lo nǹkan bí 130 tẹ́lẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì, ẹni tó bá iná pupa pàdé kò sì ní dúró pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kí ẹ tó gbé e sórí iná. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 12 ń gba ẹni tó ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá ní 10. Ẹ fi 7 kún un fún àtigbéra, ó di 17, 26 sì gbà á. Bí àwọn àgbàlagbà bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi mítà 1 tàbí kó dín sí i ṣe é.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń já ni ibi tí àpapọ̀ bá ti ń súnmọ́ 1. Bó bá jẹ́ 0.95, ẹ ó pín 20 sí 0.05, yóò sì ní kí ìyípo kan gba 400, ìyẹn ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́fà. Ẹ má gbà á gbọ́. Bí ìyípo bá ti kọjá 120, sùúrù àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á tán, wọ́n á máa sọdá lórí iná pupa, ọkọ̀ tó fẹ́ yà á sì kún ibi tí wọ́n ti ń yà dé inú lénì tó ń lọ tààrà. Irú oríta bẹ́ẹ̀ nílò ààyè sí i tàbí kí ọkọ̀ tó ń wá síbẹ̀ dín kù. Iná nìkan kò lè gbà á là. Ẹ ṣe ètò ọ̀tọ̀ fún àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru, kí ẹ sì tún ọkọ̀ kà lọ́dọọdún.

Iná mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tí mò ń ná, gbogbo wọn ló ń dá mi dúró. Kí ló fà á? (Awakọ̀ bọ́ọ̀sì)

Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyípo wọn kò dọ́gba, tàbí pé aago inú wọn ti yẹ̀. Iná tó bá máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìyípo kan náà. Bí àlàfo wọn bá jẹ́ mítà 400, tí ọkọ̀ ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí, ọkọ̀ á lo ìṣẹ́jú-àáyá 36 láti ọ̀kan dé èkejì, ọ̀pọ̀ á sì ní kí iná ewé kejì tàn ní 36 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ 8 bá ti dúró síbẹ̀ látinú àwọn àdúgbò, wọ́n á gba nǹkan bí 18 kí wọ́n tó túká, ẹ̀yin á sì bá wọn níbẹ̀. Ẹ yọ 18 yẹn kúrò nínú 36: ó yẹ kó tàn ní 18 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ní ti aago, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 2 lóòjọ́ á di 60 láàárín oṣù kan. Kí wọ́n so aago àwọn iná náà mọ́ GPS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n máa ń yí iná fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣe ń dé. Ṣé ìyẹn ni òpin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ)

Kì í ṣe òpin rẹ̀, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ètò ìdarí iná tí wọ́n ń pè ní SCATS ní Sydney àti èyí tí wọ́n ń pè ní SCOOT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti àwọn ọdún 1970 sí i. Wọ́n wúlò jù níbi tí ọkọ̀ ti ń dé lọ́nà tí a kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Níbi tí gbogbo apá oríta bá ti kún ju agbára rẹ̀ lọ, èrè wọn kéré, nítorí kò sí apá tí wọ́n lè gba àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀ fún òmíràn. Ohun tó wúlò nígbà náà ni kí a dá ọkọ̀ dúró lórí iná pupa ní òde ìlú, níbi tí ọ̀nà ti gùn tí ààyè wà, kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ má bàa gùn títí dí oríta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí oríta mẹ́rin bá dí ara wọn yí po, kò sẹ́ni tó lè gbéra mọ́.

Ohun tó sábà ń ba irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ ni ojú rẹ̀ tó fọ́. Wáyà tí àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà bá gé lè máa sọ ní gbogbo ìgbà pé ọkọ̀ wà lórí òun, iná ewé á sì máa tàn fún ọ̀nà tó ṣófo. Kámẹ́rà ń ṣìnà nínú òjò, nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lójú, tàbí bí aláǹtakùn bá ta òwú sójú rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo iye tí wọ́n kà wò lójoojúmọ́: òfo fún ìdajì wákàtí lọ́sàn-án gangan, ìdá àsìkò orí wáyà tó jẹ́ 100 láìsí ọkọ̀ kankan tó kọjá, àti oríta tí iye tó wọ inú rẹ̀ fi ohun tó ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye tó jáde. Ìlú tí kò bá ní owó tí yóò fi máa tún wọn ṣe, kó má tíì ra ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ lè ba gbogbo àárọ̀ jẹ́. Kí ni dátà lè ṣe sí i? (Òṣìṣẹ́ ojú pópó)

Lójú tiwa, ibí yìí ni owó tí ìlú bá ná ti ń tètè mú èrè wá jù. Ká ní ọ̀nà lénì mẹ́ta lè gba ọkọ̀ 6,000 ní wákàtí, tí 4,500 ń bọ̀. Lénì kan dí. Èèyàn á rò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ló máa ń kù, torí àwọn awakọ̀ ń dín eré kù láti wòran, wọ́n sì ń fún ara wọn mọ́ lénì tó ṣẹ́kù. 3,000 ló ń kọjá, 1,500 ń ṣẹ́kù sẹ́yìn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 20 gbé ọkọ̀ náà kúrò, 500 á ti tò sílẹ̀, ìṣẹ́jú 20 mìíràn á sì kọjá kí wọ́n tó tán. Àsìkò tí gbogbo awakọ̀ pàdánù jẹ́ ìdajì 500 (ìpíndọ́gba iye tó tò sílẹ̀) ní ìlọ́po ìṣẹ́jú 40: ìṣẹ́jú 10,000. Bí ẹ bá fi 10 gbé e kúrò, 250 ló tò sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tán ní 20: 2,500. Ẹ gé àsìkò gbígbé e kúrò sí ìdajì, ìpàdánù di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Láti tètè mọ̀, ẹ fi ìdá àsìkò orí wáyà méjì tó fi nǹkan bí ìdajì kìlómítà jìnnà síra wéra. Nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ láàárín wọn, ti ẹ̀yìn á ga, ti iwájú á lọ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí ara wọn, kí agogo tó dún. Agogo tó bá ń parọ́ lójoojúmọ́ á sú àwọn òṣìṣẹ́, wọn ò sì ní dá a lóhùn mọ́. Ẹ tún fi àkọsílẹ̀ ọdún kan wo ibi tí ọkọ̀ ti ń bàjẹ́ jù àti wákàtí rẹ̀, kí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ti máa dúró nítòsí ibẹ̀ ṣáájú.

A ya lénì kan sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan. Lẹ́yìn oṣù kan, àsìkò ìrìn lójú ọ̀nà náà dín kù. Ṣé a lè kéde pé ó ti ṣiṣẹ́? (Ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú)

Kò tíì yá. Bóyá àwọn iléèwé ló wà ní ìsinmi. Bóyá ọkọ̀ kàn ti kó lọ sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn tó jọ ọ́, tí ẹ kò fọwọ́ kàn, kí ẹ wo bí tirẹ̀ ṣe yí padà láàárín oṣù kan náà, kí ẹ sì fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Èèyàn ni kí ẹ sì kà, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan: ọkọ̀ 600 tó gbé èèyàn kan ààbọ̀ ní ìpíndọ́gba gbé 900, bọ́ọ̀sì 30 tó gbé 40 gbé 1,200.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí a mọ̀ ni Stockholm, olú ìlú Sweden. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé òpin oṣù Agẹmọ ọdún 2006, wọ́n dán gbígba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú wò, ọkọ̀ tó ń kọjá ẹnubodè náà sì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọ́n dá a dúró, ọkọ̀ tún pọ̀ sí i. Wọ́n dá a padà ní oṣù Ògún ọdún 2007, ó tún dín kù. Wọ́n ti ń ka ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì ṣíwọ́ kíkà nígbà tí wọ́n dá a dúró, ìdí nìyẹn tí iyèméjì fi kéré lórí ohun tó fà á.

Ẹ ka ọ̀nà mẹ́ta tó sún mọ́ tiyín fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí iléèwé bá wọlé. Bí àpapọ̀ àsìkò tí èèyàn ń lò lórí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dín kù, ẹ lè kéde.